Ibi Tí Àpótí Gbà Á Dé

Kí Arvid tó gun ọkọ̀ ńlá tí ń ha yìnyín kúrò lójú ọ̀nà,
ó kúnlẹ̀ síwájú àpótí dúdú abẹ́ tẹlifíṣọ̀n,
ó wọ awò ojú, ó yọ ọ́, ó tún un wọ̀,
ó tẹ aago méje, ó tẹ aago mẹ́wàá,
iná pupa kékeré là bí ojú ẹyẹ.
"Verna, bí ilé ń jó, má sọ fún mi.
Jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí ọmọ náà."

Ọmọ náà ni Soren, ọmọ ọmọ wa,
aṣọ́lé fún ilé-ìwé rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún
tí ń jẹun bí ẹni tó yá ikùn wá.
Ìbàdí mi ò jẹ́ kí n bá wọn lọ sí Saint Paul.
Èmi àti ológbò la jókòó.

Tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́ ńkọ́?
Àntẹ́nà lórí òrùlé, atẹ́gùn adágún ń gbá a létí,
yìnyín níta, yìnyín nínú gíláàsì,
rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá a sọnù sáàárín méjèèjì;
ìgbà tí èrò bá hó làwa náà ń hó.
Ṣùgbọ́n èyí tí Arvid fi owó orí tí ìjọba dá padà rà,
háà!
Mo rí òógùn lábẹ́ akoto Soren.
Mo rí ibi tí bàtà onírin ti ha omi dídì,
ìlà funfun bíi ti èékánná lára awọ gbígbẹ.
Mo rí ètè rẹ̀ tó ń gbọ̀n.
Ta ló ní kí àwòrán mọ́ tó báyìí?

Méjì-méjì. Àkókò pé. Wọ́n ní àwọn yóò fi kún un.
Aago ògiri: mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú kan.
Mo mọ bọ́tìnì tó yẹ kí n tẹ̀, n kò ní purọ́.
Soren fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi lọ́jọ́ Kérésì:
"Ìyá àgbà, ẹ tẹ ibí, á máa gbà á lọ."
Rìmóòtù wà lórí itan mi, ológbò wà lórí rìmóòtù.
Mo wo iná pupa.
Mo wo ojú ọmọ náà, tó tóbi ju fèrèsé wa lọ,
ojú ẹni tó ti rẹ̀ kọjá àárẹ̀.
Ọwọ́ mi ò gbéra.
Iná kú.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ojú mi nìkan ló gbà á sílẹ̀,
kò sì sí bọ́tìnì tí mo lè fi pa á rẹ́.

Arvid wọlé láago márùn-ún, yìnyín ní irùngbọ̀n.
Ó ti pa rédíò ọkọ̀ láti alẹ́. Nílé epo,
orin ló ń kọ sókè kí Dwayne tó ń gbowó má bàa ráyè sọ̀rọ̀.
Kò bọ́ bàtà kó tó jókòó. Èmi po kọfí, mo kọ ẹ̀yìn sí i,
mo bu omi sẹ́nu,
mo ń fetí ka ariwo èrò bí ẹni ń ka àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn
títí mo fi dé ibi tí àtẹ̀gùn ò sí mọ́.
Àpótí bi í: ṣé kí n tọ́jú rẹ̀, àbí kí n pa á rẹ́?

Ó pẹ́.
"Ó gé e."
"Ó gé e," ni mo wí.
Ó wo ẹ̀yìn mi. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ti ń ka ẹ̀yìn yìí.
Kò bèèrè iye góòlù.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Soren wọlé, àpò rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀,
ojú rẹ̀ wú. "Bàbá àgbà, ṣé ẹ wò ó?"
"Mo wò ó. Èyí tó o fi orúnkún òsì mú yẹn,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà wò."
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì tòun ti bàtà.

Adágún ti yọ́ báyìí. Ikùn àpótí kún, ó ń tọrọ àyè lójoojúmọ́.
Arvid ti pa àwọn ètò oúnjẹ mi rẹ́, kò tilẹ̀ bi mí.
Ìyẹn ṣì wà níbẹ̀, wákàtí mẹ́ta géérégé,
méjì-méjì,
Soren lórí orúnkún, ojú rẹ̀ mọ́ gaara,
ẹnikẹ́ni ò tíì borí rẹ̀.